Bàbá, A Ti Fi Àmì Sí I

Bàbá wa, ó pé ọdún márùn-ún géérégé lónìí tí àga yín ti ṣófo lẹ́yìn tábìlì aago. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ èyí tó dùn jù, torí ẹ kì í fẹ́ kí èèyàn máa lọ́ ọ̀rọ̀ mọ́ yín lọ́wọ́: àwo orin ọmọ yín Súfèé ti jáde. Orin mẹ́sàn-án ló wà nínú rẹ̀. Sátidé tó kọjá, a gbé sípíkà méjèèjì sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, gbogbo àdúgbò sì gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àbígbẹ̀yìn yín kọrin, Bàbá. Ó kọrin, wọ́n sì ní kó tún un kọ.

Ẹ̀yin nìkan lẹ ò sí níbẹ̀. Kò sí orin kan tó parí tí a ò wo ọ̀kánkán àga yín.

Ọ̀pọ̀ tó máa ka èyí ni kò mọ̀ yín, ẹ jẹ́ ká sọ díẹ̀ fún wọn. Aago títúnṣe ni iṣẹ́ yín, orin gbígbọ́ ni ayé yín. Màmá wa máa ń sọ pé aago ni ìyálé, orin ni ìyàwó kejì, àwọn ni ẹ gbé wá ṣìkẹta. Ẹ ò já wọn nírọ́ rí.

Kò sí àwo tuntun tó jáde tí ẹ ò ní gbọ́ lẹ́ẹ̀mẹta kí ẹ tó dá a lẹ́jọ́. Àkọ́kọ́, ẹ ó jókòó, ẹ ò ní fọwọ́ kan aago kankan. Lẹ́ẹ̀kejì, ẹ ó máa ṣiṣẹ́ lọ, kí ẹ lè mọ̀ bóyá orin náà á gba iṣẹ́ lọ́wọ́ yín. Lẹ́ẹ̀kẹta, ẹ ó ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu kí àwọn tó ń kọjá lè gbọ́, ẹ ó sì máa wo ẹsẹ̀ wọn. Orin tó bá wọ̀ yín lára jù nìkan lẹ kì í gbọ́ sí gbangba. Ìyẹn, íápíìsì lẹ fi ń gbọ́ ọ, ẹ̀yin nìkan, ẹ ó sì dijú. Tí ẹ bá gbọ́ tán, ẹ ó yọ ìwé àjákọ kan nínú dúrọ́ọ̀, ẹ ó kọ ọ̀rọ̀ méjì tàbí mẹ́ta sí i, ẹ ó tì í padà. A kì í rí ohun tí ẹ kọ.

Àti pé ẹ kì í fi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀ kankan. Ọ̀rẹ́ yín Tíṣà, tí wọ́n fi gbogbo ọjọ́ ayé wọn kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní Yorùbá, bá yín jà títí ó fi sú wọn. Ẹ kàn máa ń rẹ́rìn-ín ni. Ẹ ní ẹni tó bá mọ̀ yín á mọ ohun tí ẹ kọ.

Bàbá, a mọ̀ yín. A ò mọ̀ ọ́n kà ni.

Oṣù kan kí ẹ tó dùbúlẹ̀ àìsàn, Súfèé fi fóònù gba orin márùn-ún sílẹ̀, ó kó wọn sínú àwo kan, ó gbé e wá fún yín. Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ ní Súfèé, torí pé ó ti ń súfèé kó tó mọ ọ̀rọ̀ sọ. Ọmọ tí kì í bẹ̀rù ẹnikẹ́ni, ẹnu ọ̀nà ló ti na àwo náà sí yín lọ́jọ́ náà. Ẹ gba àwo náà, ẹ yí i síwá sẹ́yìn, ẹ ní ó dáa, ẹ ó gbọ́ ọ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í retí. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, ó di méjì, ẹ ò sọ nǹkan kan, òun náà ò sì lè béèrè. Kò pẹ́ tí a fi gbé yín lọ sí ọsibítù. Ẹ ò padà wálé mọ́.

Lẹ́yìn ìsìnkú, tí èrò ti túká, kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù ni Súfèé ń wá nínú dúrọ́ọ̀ tó fi rí ìwé yẹn. Ó ṣí i dé ojú ewé tó gbẹ̀yìn. Bí ẹ ṣe kọ ọ́ nìyí: Orin Sufee, marun-un. Ma gbo.

Ó kà á sí “má gbọ́”. Báwo lẹ ṣe fẹ́ kó kà á?

Ó tú ìwé náà láti iwájú dé ẹ̀yìn. Nínú gbogbo àwo tí ẹ ti gbọ́ láti nǹkan bí ogún ọdún, mẹ́fà mìíràn péré ni ẹ kọ Ma gbo sí. Àwọn yòókù, “O dun” ni, tàbí “O to”, tàbí “O su mi”. Ó ka ti mẹ́fà yẹn náà sí “má gbọ́”, ó ní àwọn ló burú jù nìyẹn, òun sì ṣìkeje. Ó kó wọn sínú páálí kan, ó tì í sábẹ́ tábìlì. Àwo tirẹ̀ nìkan ni kò rí, ó sì gbà pé ẹ ti sọ ọ́ nù.

Kò sọ fún ẹnikẹ́ni nínú wa. Ó pa ìwé dé, ó pa ẹnu dé. Ọmọ tó ń fi súfèé gbálẹ̀, tó ń fi súfèé fọ abọ́, kò súfèé mọ́, ilé wá dákẹ́ wẹ́lo. A rò pé torí yín ni. Torí yín náà ni, àmọ́ ohun méjì ni ọmọ yìí ń ṣọ̀fọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, a ò sì mọ̀ ju ọ̀kan lọ.

Àmọ́ o, kò jẹ́ kí ṣọ́ọ̀bù yín kú. Ẹ gbọ́ ìyẹn dáadáa. Ó gbé gíláàsì ojú kan tí ẹ fi ń wo inú aago wọ̀, ó jókòó, ó kọ́ èyí tí kò tíì mọ̀ nínú iṣẹ́ náà. Àwọn tó kọ́kọ́ ń wò ó tìfura-tìfura ló ń tò síwájú rẹ̀ báyìí. Bẹ́ẹ̀ ni kò jẹ́ kí ìwé orin yín kú. Òun tí kò kọrin mọ́ ló ń gbọ́ ti àwọn ẹlòmíì lẹ́ẹ̀mẹta lẹ́ẹ̀mẹta, bí òfin yín ṣe wí, ó sì ń kọ ìdájọ́ wọn sílẹ̀.

Ẹ ti pàdánù púpọ̀, ẹ sì bọ́ lọ́wọ́ púpọ̀. Ṣé ẹ rántí àgbà onígìtá tí ẹ fẹ́ràn ju àbúrò yín lọ, tí ẹ ní ọjọ́ tó bá tún gbé àwo jáde ẹ ó ti ṣọ́ọ̀bù? Ó gbé e jáde. Súfèé ti ṣọ́ọ̀bù nítorí yín. Orin mẹ́wàá ni, ó sì fi mẹ́jọ ki ara rẹ̀. Gìtá tí ẹ máa ń ní ó ń sọ̀rọ̀ yẹn kò rí àyè sọ nǹkan kan. Súfèé fún un ní gbogbo ìgbọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó tún fi ìkẹrin ṣàánú rẹ̀, kò yí padà. “O su mi” ló kọ sílẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì wúwo bó ṣe ń kọ ọ́. Inú wa dùn pé ẹ ò gbọ́ ìyẹn.

Ẹ wá gbọ́ èyí. Ọmọ onírun pupa tí ẹ máa ń pa rédíò mọ́ lẹ́nu, tí ẹ ní ó ń kọrin bí ẹni tí eyín ń ro, òun náà gbé àwo kejì jáde. Súfèé fẹ́ fò ó dá, ó rántí òfin, ó gbọ́ ọ. Dùùrù kan àti ohùn kan ni, kò sí nǹkan mìíràn, ìyá-ìyá rẹ̀ tó tọ́ ọ dàgbà ló ń kọrin fún. Nígbà tó di ìgbọ́ kẹta, tí ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí, obìnrin kan tó ru ẹrù sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, kò gbé e títí àwo fi parí. Bàbá, a ti bá yín tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ yẹn.

Àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò mẹ́ta tí àwo wọn àkọ́kọ́ dùn tó bẹ́ẹ̀ gbé òmíràn jáde, orin méjìlélógún. Ẹnì kan ì bá ti bá wọn yọ mẹ́rìnlá kúrò nínú rẹ̀. Awakọ̀ kan tó ti fẹ̀yìn tì, tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ rí, gbé orin mẹ́fà péré jáde, a sì ń gbọ́ ọ títí dòní. Bẹ́ẹ̀ ni ayé orin ṣe ń lọ. Ẹni tí èèyàn gbójú lé á jáni kulẹ̀, ẹni tí a ò kà kún á wá mú inú wa dùn.

Ṣùgbọ́n ìyàlẹ́nu tó ju ìyàlẹ́nu lọ, inú báàgì yín ló wà.

Ní ọdún kẹta, àkọ́bí yín, birikilà tó ń kọ́lé fún gbogbo ayé, rántí tilé. Ó parí yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù tí ẹ kọ́ dé ìdajì ògiri. Ó ti ní òrùlé báyìí, Bàbá, ó ní fèrèsé méjì, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ síbẹ̀. Ìgbà tí à ń kó ẹrù jáde kó lè rẹ́ ògiri ni Màmá wa gbé báàgì ọsibítù yín síta, èyí tí wọn ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn láti ọjọ́ yẹn. Aṣọ ìnura yín wà níbẹ̀, bàtà yín wà níbẹ̀, àti ẹ̀rọ kékeré tí ẹ fi ń gbọ́ àwo. Bátìrì ti jò sínú rẹ̀. Súfèé fi búrọ́ọ̀ṣì aago ha ojú irin rẹ̀ mọ́, ó ki bátìrì tuntun bọ̀ ọ́, ó fi íápíìsì sétí, ó tẹ̀ ẹ́.

Ohùn ara rẹ̀ ló gbọ́.

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Màmá bi í pé kí ló dé, ó kàn fi íápíìsì sí wọn létí. Ìgbà náà ni Màmá sọ ohun tí wọn ò sọ fún wa rí. Wọ́n ní láràárọ̀, tí nọ́ọ̀sì bá ti fún yín lóògùn tán, ẹ ó nawọ́ sí ẹ̀rọ yẹn, ẹ ó dijú, ẹ ó sì máa rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní àwọn ò bi yín ohun tí ẹ ń gbọ́, torí àwọn mọ̀ pé ìyàwó kejì ni.

Súfèé bú sẹ́kún. Ó lọ mú ìwé yín, ó fi ojú ewé tí ẹ kọ gbẹ̀yìn hàn wá, ọdún mẹ́ta lẹ́yìn tó ti ń dá a gbé. Ó wá rántí páálí abẹ́ tábìlì. Ẹ̀yin lẹ kọ́ ọ pé tí èèyàn bá ṣí aago, ibi tó bá jẹ jù ni kó wò, ibẹ̀ ló ṣiṣẹ́ jù. Ó kó àwo mẹ́fẹ̀ẹ̀fà jáde, ó yẹ̀ wọ́n wò lójú iná. Gbogbo wọn ti họ yánnayànna. Ìdérí wọn ti sán látàrí ṣíṣí àti pípadé. Àwọn tí ẹ kọ “O dun” sí gan-an ò họ tó bẹ́ẹ̀.

A ránṣẹ́ pe Tíṣà. Wọ́n gba ìwé, wọ́n wò ó, wọ́n bọ́ gíláàsì wọn, wọ́n nu ojú, a ò mọ̀ bóyá ẹ̀rín ni tàbí ẹkún. Wọ́n ní ṣé àwọn ò ti sọ fún ọkùnrin yìí láti ọgbọ̀n ọdún? Wọ́n ní “máa gbọ́” ni. Máa gbọ́ ọ, má dẹ́kun àtimáa gbọ́ ọ.

Àwo méje lẹ kọ irú rẹ̀ sí láyé yín. Mẹ́fà jẹ́ ti àwọn tí gbogbo ayé mọ̀. Ìkeje jẹ́ ti ọmọ yín.

Ká má parọ́, a bínú sí yín díẹ̀. Ọdún mẹ́ta gbáko, nítorí lẹ́tà kan àti àmì kan! Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ kejì, a gbọ́ ìró ìgbálẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù, a sì gbọ́ súfèé. Màmá dá ọwọ́ iṣẹ́ wọn dúró. Àwọn tó ń kígbe lé yín lórí pé kí ẹ dín ariwo kù tẹ́lẹ̀, àwọn ló ṣílẹ̀kùn kí wọ́n lè gbọ́ ọ yékéyéké.

Inú yàrá ẹ̀yìn yẹn ló ti gba àwo rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi páálí ẹyin bo ògiri kí ohùn má baà máa hó. Ìyọnu tó kù ni aago. Gbogbo ara ògiri ṣọ́ọ̀bù ló ń dún kẹ́kẹ́kẹ́, ó sì ń wọnú orin. Gbogbo ọ̀sán Sọ́ńdè kan la fi yọ bátìrì aago, ọ̀kọ̀ọ̀kan, a rò pé a ti yọ wọ́n tán. Ìgbà tí a gbọ́ orin kẹta lẹ́yìn tí a ti parí, aago kan ṣì wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ó ń lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Aago yín ni, èyí tó wà lókè ilẹ̀kùn, tí ẹ ò jẹ́ kí oníbàárà kankan rà. Súfèé ní ẹnì kan ò gbọdọ̀ yọ ọ́. Orin yẹn ni àwọn èèyàn fẹ́ràn jù. Wọ́n ń béèrè ẹni tó lù ú.

Olóòtú orin kan lórí rédíò ní orin kejì gùn jù. Òótọ́ ló sọ, ó gùn. Àmọ́ ìyàwó kẹta ni Súfèé kọ ọ́ fún, ta ló fẹ́ gé e kù?

Ní Sátidé yẹn, ní ìgbọ́ kẹta, Tíṣà jókòó sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń wo ẹsẹ̀ àwọn tó ń kọjá. Télọ̀ òdìkejì dá ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ dúró. Àwọn méjì tó ń jà lórí ibi tí wọ́n gbé ọkọ̀ sí gbàgbé ìjà. Tíṣà ka ẹsẹ̀ títí, iye rẹ̀ dàrú mọ́ wọn lójú, wọ́n sì pa á tì.

Nígbà tó parí, Súfèé mú ìwé yín jáde, ṣùgbọ́n ó ní òun ò lè dá ara òun lẹ́jọ́. Màmá ló gba bírò. Màmá, tí wọn ò fọwọ́ kan ìwé yẹn rí. Wọ́n kọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe máa kọ ọ́, Tíṣà sì dúró tì wọ́n lẹ́yìn, wọn ò kúrò níbẹ̀ títí lẹ́tà àti àmì fi pé. Àwo Súfèé, orin mẹ́sàn-án. Máa gbọ́.

Wọ́n wá ṣí i padà sí ojú ewé tiyín, wọ́n tún èyí tí ẹ kọ kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tàmì-tàmì: Máa gbọ́.

Bàbá wa, à ń ṣàárò yín. Ọdún márùn-ún kò dín in kù. A fẹ́ràn yín, àti ẹ̀yin àti ìkọ̀wé yín tí kò lámì. Ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù wà ní ṣíṣí, sípíkà méjèèjì ṣì kọjú síta, ọmọ yín ti ń kọ òmíràn.

Ẹ máa gbọ́.