Ọjọ́ Orí Ẹlòmíràn Ni Mò Ń Lò

Huilan ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí ọmọ rẹ tó ní kí n má fi irùngbọ̀n gún òun mọ́. Ṣé ẹ sùn dáadáa, ṣé òjò Taipei ò tíì wọ inú yàrá yín bó ṣe wọ̀ ọ́ lọ́dún tó kọjá? Ọ̀run á máa ṣọ́ yín, àìsàn ò ní mọ ojúlé yín, ọ̀gá rẹ níbi iṣẹ́ á máa fi ojú rere wò ọ́. Tí o bá bi mí léèrè ara tèmi, orúnkún ń dùn mí, òjò sì ti ń rọ̀ ní Longgang láti ọjọ́ kẹta ọdún tuntun, aṣọ tí mo fọ̀ kò gbẹ, èmi náà ò gbẹ.

Mo mọ̀ pé o ti sọ fún mi pé kí n yé kọ lẹ́tà, pé kí n máa tẹ fóònù. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí mo ní yìí gùn, fóònù tí o rà fún mi kì í sì í jẹ́ kí èèyàn sọ̀rọ̀ ju ìṣẹ́jú kan lọ, màá ṣàlàyé ìyẹn tó bá yá. Tó bá jẹ́ inú ọkọ̀ ojú irin lo wà, pa lẹ́tà yìí dé, ó di ilé.

Ìròyìn àdúgbò ná. Sha Guanglin tó ń ta ọbẹ̀ ẹran màlúù lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́sáláṣí ti yọ eyín méjì, ó ní òun ò lè jẹ ẹran tí òun ń tà mọ́. Bàbá ará Shandong tó ń ta búrẹ́dì orí ooru ti ṣíwọ́, ìyàwó ọmọ rẹ̀ tó wá láti Vietnam ló ń pò ó báyìí, ó sì dùn ju tirẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n gbogbo àdúgbò ló panu mọ́ nítorí bàbá náà ṣì ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ti wó ìyókù ilé àwa sójà. Nínú gbogbo àwa tí a jọ bọ́ sílẹ̀ nínú bàálù tó kó àwa sójà wá sí Taiwan, a ku mẹ́rin, ọ̀kan nínú mẹ́rin ọ̀hún ò sì mọ orúkọ ara rẹ̀ mọ́. Èmi kọ́ nìyẹn o. Èmi mọ orúkọ mi. Ohun tó ń dà mí láàmú gan-an nìyẹn.

Kí ọdún tuntun tó dé ni ìjọba ìlú ní àwọn fẹ́ ṣe máàpù oúnjẹ fún Zhongli, Pingzhen àti Bade, nítorí pé onírúurú èèyàn ló wà lọ́dọ̀ wa, kálukú ló sì gbé ìkòkò tirẹ̀ dání wá. Wọ́n rán ọmọbìnrin kan wá, Zhong Yijun, ẹ̀yà Hakka láti Pingzhen bíi màmá rẹ, ó sì jọ ọ́ níbi ẹ̀rín. Ó jẹ migan abọ́ méjì ní ṣọ́ọ̀bù mi, ìrẹsì lílọ̀ tí mò ń gé tẹ́ẹ́rẹ́ sínú ọbẹ̀. Ó ya fọ́tò mi níbi tí mo ti ń gé migan, ó ya ìwé ìdánimọ̀ mi, ó ní háà, Bàbá àgbà, ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún lẹ wà, ẹ ò sì jọ ẹni tó lé ní márùndínlọ́gọ́rin, kí lẹ ń jẹ? Mo ní migan. Kí ló tún yẹ kí n sọ? Ohun tí mò ń jẹ nìyẹn. Ó bá gbé e sínú fóònù fún gbogbo ayé pé migan Bàbá Cun ń sọ àgbà dọ̀tun.

Láti ọjọ́ náà ni àwọn arúgbó ti ń wá láti Zhongli lórí kẹ̀kẹ́ arọ. Wọ́n á jẹun tán, wọ́n á máa wo àwọ̀ ara wọn bóyá ó ti ń yí padà. Yijun tún wá sọ fún mi pé mo ti gba ìràwọ̀ mẹ́rin nínú fóònù. Huilan, nínú iṣẹ́ sójà, mi ò kọjá ẹni tó ń bu ọbẹ̀, ìràwọ̀ kan ṣoṣo tí ọ̀gágun wa gbé kọ́ èjìká, gbogbo wa ló ń wárìrì. Mo bi í léèrè ẹni tó fọwọ́ sí i, ó ní àwọn oníbàárà. Mo tún gbọ́ pé mẹ́rin àtààbọ̀ ni ti Sha Guanglin, nítorí náà tó bá ń gbé ẹ̀fọ́ kọjá, mo máa ń dìde dúró gbọnin-gbọnin kí i. Ó ní orí mi ti dàrú. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni ẹnì kan tó pe ara rẹ̀ ní Ológbò Sísanra yọ mí nípò, ó ní iyọ̀ ọbẹ̀ mi ti pọ̀ jù. Mo ti wá ẹbí Ológbò Sísanra káàkiri Bade láti tọrọ àforíjì, kò sẹ́ni tó mọ̀ wọ́n.

Lẹ́yìn ọdún tuntun ni Yijun padà wá pẹ̀lú fọ́ọ̀mù. Wọ́n fẹ́ gbé pátákó ńlá kan síwájú ọjà, wọ́n á fín orúkọ àwọn tó dá ṣọ́ọ̀bù àtijọ́ sílẹ̀ sára rẹ̀. Kí n kọ orúkọ mi, ọdún tí wọ́n bí mi, abúlé mi, kí n sì kọ ìtàn ṣọ́ọ̀bù, kó má ju ọgọ́rùn-ún ọ̀rọ̀ lọ. Mo bi í bóyá ọ̀rọ̀ ti wọ́n bí ìrẹsì ṣe wọ́n nígbà ogun ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n fún èèyàn. Ó rẹ́rìn-ín. Ní ìsàlẹ̀, wọ́n ní kí n fọwọ́ sí i pé òtítọ́ ni gbogbo ohun tí mo kọ. Ibẹ̀ ni ọwọ́ mi dúró sí. Mo ní kó fi fọ́ọ̀mù náà sílẹ̀, pé mi ò rí awò ojú mi. Awò náà wà lójú mi.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni ohùn wọlé láti Yunnan ní China. Yijun ló ti fi nǹkan kan sínú fóònù mi tí ohùn fi ń gba ibẹ̀ wọlé. Obìnrin ni. Ó ní ará abúlé àwọn kan bá àwọn arìnrìn-àjò wá sí Taiwan, ó jẹun ní Longgang, ó sì ya fọ́tò yín pẹ̀lú orúkọ àti nọ́ńbà fóònù tó wà lókè ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Ó ní, Bàbá, ṣé ẹ̀yin nìyẹn? Ó ní òun ni Yufen, tí ẹ fi sílẹ̀ nígbà tí òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìrìn. Ó ní màmá òun ti kú, ṣùgbọ́n kò sí alẹ́ ọdún tuntun kan láti ọgọ́ta ọdún tí àwọn ò gbé abọ́ yín sórí tábìlì, tí àwọn ò sì fi igi ìjẹun yín lélẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bíi ti ẹni tó ń bọ̀ lọ́nà, nítorí pé kò sẹ́ni tó sọ fún àwọn pé ẹ ti kú. Ó ní òun rí fọ́tò, ara yín le, inú òun dùn. Ó ní òun ò bínú o, ohun kan ṣoṣo ni òun fẹ́ gbọ́, kí ló dé tí ẹ ò wálé?

Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń dá ohùn bẹ́ẹ̀ dúró. Mo rò pé ó ṣì wà nínú fóònù ni, tó ń retí mi. Mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò kí òtútù má mú un, mo sì bu tíì kan síwájú rẹ̀. Sha Guanglin wọlé, ó ní ta ni mò ń gbé tíì fún. Mo ní mo lálejò.

Huilan, èmi kọ́ ni bàbá obìnrin náà. Èmi kọ́ ni Cun Depei tó wà nínú ìwé ìdánimọ̀ mi.

Cun Depei ni ó ń se oúnjẹ fún ẹgbẹ́ sójà wa lórí òkè létí ààlà Yunnan. Èmi ń da ìbaaka fún àwọn oníṣòwò, àwọn sójà kó ìbaaka, wọ́n kó èmi náà mọ́ ọn. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mí, òun jẹ́ mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Òun ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń lọ ìrẹsì, bí wọ́n ṣe ń dà á sórí àwo pẹrẹsẹ kí ooru gbé e dì, kí wọ́n tó gé e tẹ́ẹ́rẹ́, bí ata ṣe ń dín títí táá fi ta èèyàn nímú. Gbogbo ohun tí o jẹ dàgbà, ọwọ́ rẹ̀ ló ti wá. Nígbà tí wọ́n ní ká máa bọ̀ ní Taiwan, ibà mú un, ó kú ní etí odò, ọjọ́ mẹ́ta sí ìgbà tí bàálù máa gbé wa. Orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé, orúkọ tèmi ò sí níbẹ̀. Ọ̀gá wa fẹ́ kí iye èèyàn pé. Ó bọ́ ẹ̀wù òkú náà wọ̀ mí, ó ní láti òní lọ, ìwọ ni Cun Depei, tí o bá la ẹnu, màá yìnbọn fún ọ.

Ó ti pẹ́ tí ọ̀gá náà ti kú, mi ò sì la ẹnu. Láyé àtijọ́, wọn kì í jẹ́ ká kọ lẹ́tà sí Yunnan. Nígbà tí wọ́n ṣí ọ̀nà, tí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń gbé tẹlifíṣọ̀n lọ fún àwọn èèyàn wọn, mo mọ orúkọ abúlé náà, ó wà nínú ìwé ìdánimọ̀ mi. Mi ò lọ. Ẹ̀rù ló bà mí. Mo rò pé wọ́n á gba ilé, wọ́n á gba owó sójà, wọ́n á ní kí ìwọ jáde níléèwé. Màmá rẹ nìkan ló mọ̀. Tí inú rẹ̀ bá dùn tàbí tí inú bá ń bí i gan-an nínú ilé ìdáná, á pè mí ní Laowu, nítorí pé ọmọ karùn-ún ni mo jẹ́, àwọn òbí mi ò sì tíì sọ mí ní orúkọ mìíràn kí wọ́n tó kú. Ìwọ gbọ́ lọ́jọ́ kan, o bi í pé ta ló ń jẹ́ Laowu, ó ní ajá ni. Láti ọjọ́ náà lo ti ń pe ajá wa pupa ní Laowu, ajá náà sì gbà. Nígbà tó kú, o sunkún títí, o ní kí n gbẹ́ ilẹ̀ fún Laowu. Mo gbẹ́ ẹ.

Nítorí náà, ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin ni mo wà. Migan ò sọ ẹnikẹ́ni dọ̀tun. Ìjọba ń fún mi ní ẹ̀bùn àgbà ní ọdọọdún, dókítà ń yin egungun mi, ọjọ́ orí ẹlòmíràn ni mò ń lò. Abọ́ tí mo máa ń gbé kalẹ̀ ní alẹ́ ọdún tuntun, tí mo máa ń gún igi ìjẹun nàró sínú ìrẹsì rẹ̀ bí a ti ń ṣe fún òkú, tí o rò pé ti bàbá mi ni, tirẹ̀ ni. Níbí, igi ìjẹun rẹ̀ ń dúró. Lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀, ó ń sùn sílẹ̀.

Mo pinnu pé màá dá a lóhùn. Ó yẹ kí n kọ́kọ́ sọ fún ọ, nítorí pé orúkọ náà wà lọ́rùn ìwọ àti ọmọ rẹ, ṣùgbọ́n òun ló ti ń dúró láti ọgọ́ta ọdún. Ìgbà mẹ́rin ni mo tẹ fóònù. Lẹ́ẹ̀kíní, mo kí i, mo kí ọkọ rẹ̀, mo kí àwọn ọmọ rẹ̀, ìṣẹ́jú tán. Lẹ́ẹ̀kejì, ìbaaka ni mo ṣì ń sọ. Lẹ́ẹ̀kẹta, mo dé odò. Lẹ́ẹ̀kẹrin, mo tún padà sórí ìbaaka. Gbogbo rẹ̀ ni mo fi ìka fà sókè kó pòórá, bí Yijun ṣe kọ́ mi. Lẹ́ẹ̀karùn-ún ni mo sọ fún un pé, Yufen, èmi kọ́ ni bàbá rẹ, ọmọ tó ń bá a fọ ìkòkò ni mí. Bàbá rẹ kú kó tó wọ bàálù. Kò kọ̀ yín sílẹ̀. Gbé igi ìjẹun rẹ̀ nàró.

Ohùn rẹ̀ padà wá lánàá. Mo tẹ̀ ẹ́. Mo kọ́kọ́ gbọ́ tí wọ́n fa àga, tí wọ́n gbé abọ́ kalẹ̀. Lẹ́yìn náà ló béèrè ohun kan ṣoṣo. Ó ní, ṣé bàbá òun jẹun kó tó kú?

Huilan, ẹ̀kúnwọ́ ìrẹsì kan ló kù. Mo sè é fún un. Ó ní òun ò lè gbé e mì, kí n jẹ ẹ́, kí n lè ní agbára rìn dé ibi tí bàálù wà. Mi ò bẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì. Ebi ń pa mí.

Mi ò tíì dá a lóhùn. Wá sílé lọ́jọ́ Sátidé, kí o jókòó tì mí, kí o bá mi di fóònù náà mú. Kí o mú owó díẹ̀ dání, mo fẹ́ ra adìyẹ kan àti tùràrí, kí n sì fún ẹni tó ń fín pátákó ní nǹkan, nítorí pé orúkọ méjì ni mo fẹ́ kó fín, ti ẹni tó ni migan àti ti ẹni tó ń sè é. Tí o bá ní kí n má ṣe é nítorí orúkọ ọmọ rẹ, sọ ọ́ lójú mi, màá gbọ́. Mú agbòjò dání. Ọ̀run á bá ọ ṣọ́ ọ̀nà, o ò ní fẹsẹ̀ kọ, ọmọ rẹ ò ní wá ọ tì, ibi yòówù kí o wà, àwọn èèyàn rẹ á mọ ibẹ̀.

Èmi ni bàbá rẹ,
Laowu.