Páálí Mẹ́fà Tó Sùn Nílé Baálẹ̀

                                        Ilé-Ẹ̀kọ́ Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Agọ́ Ìrókò,
                                        Ọ̀nà Ajue, Odigbo,
                                        Ìpínlẹ̀ Oǹdó.
                                        Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Karùn-ún, 2025.

Tẹjú, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa ni o wà? Bàbá Pamílẹ́rìn ńkọ́? Pamílẹ́rìn fúnra rẹ̀ ńkọ́, ṣé ikọ́ tó ń dà á láàmú nígbà ọyẹ́ ti lọ pátápátá? Ẹsẹ̀ Màmá ńkọ́, ṣé wọ́n ti ń fi rìn dáadáa? Ní tiwa níbí, ara le, a dúpẹ́, òjò náà sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Orí mi nìkan ni kò fi bẹ́ẹ̀ pé mọ́. Má tíì rẹ́rìn-ín, mò ń bọ̀ wá sí i.

Mo rí àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mo mọ̀ pé o ti ń rò ó pé bóyá mo ti kó ìwé yín tà. O ní àwọn ará ọ́fíìsì yín tó kó ìwé jọ ń béèrè fọ́tò àwọn ọmọ wa pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́. Wọn ò jẹ̀bi. Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kóni lẹ́rù lọ ni. Fọ́tò ọ̀hún gan-an ni mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ yà. Ìdí tí mo fi jókòó kọ lẹ́tà nìyí, torí ọ̀rọ̀ náà kò ṣeé sọ lórí fóònù tó ń já lẹ́ẹ̀mẹta kéèyàn tó kíni tán.

Páálí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà pé. Èmi fúnra mi ni mo lọ gbà wọ́n ní gáréèjì ní Ore. Ọlọ́kadà méjì ló gbé wọn wọgbó, èmi wà lẹ́yìn lórí ẹ̀kẹta, mò ń pariwo "Ẹ rọra!" ní gbogbo kòtò. Ibi tí mo ti ṣi ẹsẹ̀ gbé nìyí, bó bá jẹ́ pé mo tilẹ̀ ṣẹ̀: a ò yà sí ilé-ẹ̀kọ́. Ọ̀gá wa, Ọ̀gbẹ́ni Oyèdèjì, ti sọ fún mi pé ohunkóhun tí wọ́n bá fi ta abúlé lọ́rẹ, ilé Baálẹ̀ ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sùn, kí àwọn àgbà fojú rí i, kí wọ́n sì gbàdúrà sí i. Mo ní kò burú, ṣebí oorun ọjọ́ kan ni. Mo to páálí sí pálọ̀ Baálẹ̀, mo kúnlẹ̀, wọ́n dúpẹ́, wọ́n gbàdúrà. Wọ́n tilẹ̀ dárúkọ rẹ nínú àdúrà náà.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, èmi àti àwọn ọmọ kíláàsì kẹfà padà dé láti rù ú. Páálí òfìfo la bá. Tẹjú, wọ́n ti pín in! Wọ́n pín ìwé bí ẹni pín ẹran tí ọdẹ pa: ti Baálẹ̀, ti àwọn olóyè, ti àwọn ìyá àgbà, kó tó kan ojúlé kọ̀ọ̀kan bí wọ́n ṣe dàgbà sí. Kò sẹ́ni tó jí nǹkan kan o. Wọ́n fi ìpín tèmi gan-an pamọ́ dè mí: ìwé sáyẹ́ǹsì kan àti páálí ṣọ́ọ̀kì kékeré kan. Mo dúpẹ́. Kí ni kí n ti ṣe?

Wàá ní kí ló wá burú, ṣebí ọwọ́ àwọn òbí ni ìwé wà. Ibẹ̀ gan-an ni orí ti ń yí mi. Àwọn onílẹ̀ nìkan ló ní ìpín. Àwọn àlejò tó ń dáko kòkó lórí ilẹ̀ wọn, tí wọ́n ń san ìṣákọ́lẹ̀ lọ́dọọdún, kì í sí nínú irú ìpín bẹ́ẹ̀, bó ṣe wà látayébáyé nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ ọmọ wọn ló kún kíláàsì mi! Mẹ́rìndínlógún nínú mọ́kànlélógún. Púpọ̀ nínú ọmọ onílẹ̀ ti lọ ń kàwé ní Ore. Ìwé wà nílé tí kò sọ́mọ, ọmọ wà nílé tí kò síwèé, ìdánwò àtiwọ girama sì ku ọ̀sẹ̀ márùn-ún péré.

Ẹni tó dùn mí jù ni Rodiyat, ọmọ Luqman tó wá láti Ìwó. Ọmọ náà mọ̀wé débi pé ẹ̀rù a máa bà mí. Ìwé ìṣirò kíláàsì kẹfà, ẹyọ kan ṣoṣo ló wà nínú páálí yín, òun ni mo sì ti fọkàn yàn án fún. Ọ̀dọ̀ ìyá àgbà kan tí wọ́n ń pè ní Ìyá Lydia ló bọ́ sí, wọn ò mọ̀wé kọ, wọn ò mọ̀ ọ́n kà. Mo lọ bẹ̀ wọ́n. Wọ́n gbé àga fún mi, wọ́n fún mi ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísun, wọ́n wá fi èdè Ìkálẹ̀ ìjìnlẹ̀ ṣàlàyé fún mi pé láti ìgbà tí ọkọ àwọn ti kú, ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí ẹnikẹ́ni máa rántí ojúlé àwọn tí wọ́n bá ń pín nǹkan. Àwọn ò ní fi ìwé náà sílẹ̀. Ta ni mo fẹ́ bá jà níbẹ̀?

Èmi àti ọ̀gá wa tún lọ bá Baálẹ̀, mo ní ilé-ẹ̀kọ́ ni ẹ̀yin ará ọ́fíìsì fi ìwé náà ránṣẹ́ sí. Bàbá wá bi mí pé ilé-ẹ̀kọ́ ọ̀hún, orí ilẹ̀ ta ló wà? Ọ̀gá wa fẹsẹ̀ tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ pé kí n má sọ ọ́ di "ó le kú, ìjà Ore". A dágbére, a jáde, àmọ́ inú ń bí mi, bẹ́ẹ̀ mi ò rí ẹni tí mo lè bínú sí.

Àfi bí Luqman ṣe wọ ilé-ẹ̀kọ́ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun pẹ̀lú Rodiyat. Ìwé ìṣirò náà wà lọ́wọ́ ọmọ, wọ́n fi ọ̀rá dì í. Díẹ̀ ló kù kí n fò mọ́ ọn. Mo bi bàbá rẹ̀ léèrè bó ṣe rí i gbà.

Ó ní, "Tíṣà, ẹ fọkàn balẹ̀. Mo ti ṣe ohun tó yẹ. Mo gbé kẹ́ẹ̀gì epo kan àti àkùkọ lọ bá ìyá, mo mú ẹlẹ́rìí méjì dání. Wọ́n ti yọ̀ǹda ẹ̀ fún wa títí kòkó á fi pọ́n."

Tẹjú, ìṣákọ́lẹ̀ ni ọkùnrin yìí lọ san lórí ìwé! Ìwé ọ̀fẹ́! Bó ṣe ń gba ilẹ̀ náà ló ṣe gba ìwé, inú rẹ̀ sì ń dùn. Ìyá Lydia náà fún un ní òfin tiwọn: gbogbo ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, kí Rodiyat wá ka ìwé náà sí àwọn létí, kí àwọn lè mọ̀ bóyá oko àwọn ń so. Títí di àná, àlejò mẹ́ta mìíràn ti gbé iṣu àti epo lọ gba tiwọn. Bí ọ̀ràn bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là á fi í rín, àmọ́ èmi ò tíì mọ èwo ni kí n ṣe. Àwọn ọmọ tí kò níwèé rí ti ń níwèé, wọ́n ń fọwọ́ kí wọ́n tó ṣí i. Ẹni tí kò lẹ́tọ̀ọ́ láti gba nǹkan kan lórí rẹ̀ sì ń gba epo. Bí mo bá ya fọ́tò náà, ẹ̀rín ló máa kún ojú wọn. Ṣé irọ́ ni fọ́tò náà máa pa? Jọ̀ọ́, ìwọ tí orí rẹ ṣì pé, sọ ohun tí mo máa wí fún àwọn ará ọ́fíìsì yín. Bá mi kí gbogbo wọn, bá mi kí Bàbá Pamílẹ́rìn, kí o sì fẹnu ko ọmọ náà lẹ́nu fún mi.

Mo ti fẹ́ di lẹ́tà yìí kí n tó rántí ti àná. A ti ń jáde nígbà tí Rodiyat dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà. Ó bi mí pé tí kòkó bá pọ́n, tí bàbá òun bá dá ìwé padà, ṣé èyí tí òun ti kà sórí náà á di ti Ìyá Lydia ni. Mo ní rárá, tìẹ nìyẹn títí ayé, kò sẹ́ni tó lè gbà á. Ó bi mí bóyá ó dá mi lójú. Mo ní ó dá mi lójú. Ọmọ náà yí padà wọ kíláàsì, ó jókòó, ó tú ọ̀rá ara ìwé, ó ní kí n máa lọ sílé, òun fẹ́ kà á tán kí kòkó tó pọ́n.

Èmi ni tìrẹ tí orí ń yí,

Inúmidùn