Ìyàwó Jẹ́nẹ́rà Kò Tíì Gbà

Ọjọ́ Ajé, 6 Oṣù Kẹwàá 2025
Oorun ò kùn mí. Ìpàdé wa àkọ́kọ́, nínú ṣọ́ọ̀bù ọ̀dà mi ní Mowe níbí. Tíṣà Káyọ̀ ló pe ìpàdé náà — Gbohùngbohùn ni mò ń pè é nínú ìwé yìí, torí kò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Ó ní ká yéé dúró de ẹni tí àwọn olóṣèlú bá fà kalẹ̀ fún wa. Ká lọ bẹ Jẹ́nẹ́rà Olúgbádé, tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń dáko ní Ibogun, kí wọ́n wá du ipò Ààrẹ. A rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Èmi Ọmọ́títí tí mi ò dìbò rí.

Ọjọ́bọ̀, 9 Oṣù Kẹwàá
Ibogun. Bàbá wọ bàtà rọ́bà, wọ́n ń hú ẹ̀gẹ́. Àwọn ọkùnrin dọ̀bálẹ̀, èmi kúnlẹ̀ sáàárín ebè. Wọ́n gbọ́ wa dópin, wọ́n ní àwọn ti sin ìjọba tó. Wọ́n fún wa lẹ́pà sísè, wọ́n sìn wá dé ojú ọ̀nà. Ìyàwó wọn, Màmá Ayọ̀níkẹ́, ń wò wá látojú fèrèsé. 
Gbohùngbohùn ní ká má sinmi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 11 Oṣù Kẹwàá
A rìn láti Mowe dé Ibafo, ká lè fi bẹ Bàbá. Ẹ̀rù ń bà mí pé àwa díẹ̀ la máa dójú ti ara wa lójú títì. Ká tó rìn jìnnà, ọ̀nà ti kún. Ọlọ́kadà ń fun fèrè, oníkẹ̀kẹ́ Márúwá so ewé mọ́ iwájú kẹ̀kẹ́. Àwọn kan wá láti Ifo. Ìyá àgbà kan dì mí lọ́wọ́ mú, ó bi mí bóyá lóòótọ́ ni bàbá náà ò kó owó ìjọba jẹ rí. Mo ní lóòótọ́ ni. Ó bá tẹ̀ lé wa.

Ọjọ́ Àìkú, 12 Oṣù Kẹwàá
Ohùn há. Inú dùn.

Ọjọ́rú, 15 Oṣù Kẹwàá
Bàbá ránṣẹ́ pè wá. Wọ́n ti rí fídíò ìrìn wa. Wọ́n gbà — bí ìyàwó wọn bá lè fọwọ́ sí i. Wọ́n ní kí èmi tí mo jẹ́ obìnrin lọ bá a sọ ọ́.
Màmá ń rẹ́ ilá lẹ́yìnkùlé. Mo kúnlẹ̀. Wọn ò gbójú sókè.
“Gbogbo ìgbà tí Bàbá fi wà lójú ogun, mi ò mọ̀ bóyá wọ́n á tún wọlé mọ́. Ìsinsìnyí ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ di ọkọ mi, Ọmọ́títí. Gbogbo yín bẹ Bàbá. Ta ló bi mí?”
 Mo ní, “Ẹ dárí jì wá, Màmá. A ò rò ó débẹ̀.” Mi ò bẹ̀bẹ̀ kọjá ìyẹn. Mo mú ọ̀bẹ, mo bá wọn rẹ́ ilá.

Ọjọ́bọ̀, 16 Oṣù Kẹwàá
Gbohùngbohùn bínú. Ó ní mo ti ba gbogbo ẹ̀ jẹ́, ó yẹ kí n bẹ̀ wọ́n títí wọ́n á fi gbà. Mo ní obìnrin náà jàre. A ò dágbére fúnra wa.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 18 Oṣù Kẹwàá
Bàbá ránṣẹ́ pé àwọn ń bọ̀ wá fún wa lésì ní pápá kan ní Mowe. Pápá kún dẹ́nu. Mọ́tò Bàbá dé — Màmá ló kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀. Gbohùngbohùn na makirofóònù sí Bàbá. Bàbá nawọ́ sí ìyàwó wọn. Màmá gbà á, wọ́n ní:
“Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ ti bẹ ọkọ mi kẹ́ ẹ tó rántí mi. Ẹnì kan ṣoṣo nínú yín ló ní kí n má bínú. Tìtorí ìyẹn, mo gbà. Ọdún mẹ́rin péré. Ọjọ́ tó bá pé, èmi fúnra mi ni màá lọ mú ọkọ mi nílé ìjọba lọ́hùn-ún. Kí ẹnikẹ́ni má dúró sẹ́nu ọ̀nà.”
Ariwo sọ. Gbohùngbohùn ń sunkún, ó dì mọ́ mi. Bàbá wá gba makirofóònù, wọ́n dúró ṣánṣán bíi ti ìgbà tí wọ́n ń ṣe sójà.
“Ẹ ti gbọ́ àṣẹ,” ni wọ́n wí.