Ìtẹ́nú Bàtà Tí O Fi Ránṣẹ́ sí Ìyá Rẹ

Kamilah ọmọ mi,

Àsàláámù àláékúmù. Ṣé ara rẹ le, ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé àwọn tí ẹ jọ ń gbélé kò yọ ọ́ lẹ́nu? Ọlọ́hun kò ní fi ohun tó wà nílé yìí dán ọ wò láéláé. Àwa náà wà, ṣùgbọ́n ìyá rẹ ti ṣubú.

N ó kọ́kọ́ dúpẹ́ ìtẹ́nú bàtà tí o rà. Mo ka ìwé pélébé tó wà nínú páálí rẹ̀ tán. Ó ní kókó wíńníwíńní tó wà lórí rẹ̀ ni yóò máa ta àtẹ́lẹsẹ̀ jí, nítorí iṣan tó ń sọ fún ọpọlọ pé ẹsẹ̀ ti kanlẹ̀ ti ń kú lára aláìsàn bíi ti ìyá rẹ. Mo ṣiyèméjì díẹ̀, torí ìwé tí wọ́n bá fi ń ta ọjà kì í bú ọjà. Obìnrin tó ti ń fẹsẹ̀ lásán lọ sóko Ararọ̀mí-Òwu láti kékeré, ta ni yóò tún máa rán ẹsẹ̀ rẹ̀ létí ilẹ̀? Ṣùgbọ́n nígbà tó tẹ́ ẹ sínú bàtà lọ́jọ́ ọjà Àpòmù, kò di ẹnikẹ́ni mú, kò fì sọ́tùn-ún fì sósì. Sàlámọ̀tù tí wọ́n jọ ń din dòdò létí títì ń pariwo tẹ̀lé e pé ẹ yà fún ìyá ṣọ́jà o, pé bóyá ọkọ tuntun ló ń wá lọ. Ìyá rẹ fèsì pé bí ọkọ ọ̀hún bá ti lè ra bàtà, òun á lọ.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé bàtà kì í wọ yàrá wa, o mọ̀ ọ́n, inú yàrá ló sì ti ń ṣubú jù. Nígbà tó o ní kó máa wọ̀ ọ́ nínú ilé, mo jíṣẹ́ fún un, ó ní òun kò lè gbé bàtà wọ ibi tí òun ti ń forí kanlẹ̀ fún Ọlọ́hun. Mo rò ó títí, mo wá yọ ìtẹ́nú náà kúrò nínú bàtà, mo tẹ́ ẹ sórí ẹní ìrun níbi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń wà. Kamilah, ìyá rẹ dúró. Láti oṣù ààwẹ̀ ló ti ń jókòó kírun, ṣùgbọ́n ó dúró ṣánṣán, kò fọwọ́ ti ògiri. Ó forí kanlẹ̀. Nígbà tó ń dìde, ẹsẹ̀ kan wà lórí ìtẹ́nú, èkejì ti yà kúrò, kò sì mọ̀. Mo gbọ́ ìró egungun kí n tó gbọ́ igbe rẹ̀.

Egungun itan ló dá. Nọ́ọ̀sì ní bó bá san tán tí kò tètè dìde rìn, ó lè má rìn mọ́. Lọ́jọ́ tó o fi fídíò pè, mo gbé fóònù ti àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ tí kò mọ ilẹ̀ mọ́, kí o lè wò ó dáadáa. Nígbà tí mo gbé e padà sétí, ò ń fa imú, mo sì mọ̀ pé o rí i.

Owó oúnjẹ tó o máa ń fi ránṣẹ́, má fi ránṣẹ́ lóṣù yìí. Fi ra ìtẹ́nú náà sí i, kó pọ̀. N ó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ káàkiri yàrá, kó má sí ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè yà sí. Mi ò mọ̀ bóyá bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń ṣiṣẹ́. Ìwé inú páálí kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kò sì sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Bó bá wọ́n jù, ra èyí tó máa gbé e láti ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì dé orí ẹní.

Ọlọ́hun yóò ṣọ́ ìrìn rẹ. Ilẹ̀ tó o bá tẹ̀ kò ní yẹ̀ mọ́ ọ lẹ́sẹ̀. Áàmín.

Ìyá rẹ kí ọ. Ìtẹ́nú tó o kọ́kọ́ rà ṣì wà lórí ẹní níbi tí mo tẹ́ ẹ sí. Mo fẹ́ ká a kúrò nílẹ̀, ó ní n kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án, pé òun kò tíì parí ìrun náà.

Èmi bàbá rẹ,
Muideen, Ìkirè.