Pátákó Abẹ́ Ẹfun

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, oṣù Ògún, 1985

Ọkàn mi ò balẹ̀. Bàbá Wàsíù, olórí ẹbí tó fún ìjọ nílẹ̀ láti fi kọ́ ilé-ìwé yìí kí ọkọ mi tó rà á, tó sì sọ ọ́ di ilé wa, wá kí wa lónìí. Mo fún wọn ní àga, wọ́n lọ jókòó sílẹ̀ lábẹ́ fèrèsé.

"Ibí ni mo ti kọ́ ábídí. Ìyàwó, nítorí ìwé la ṣe fún ìjọ nílẹ̀. Bí ọmọ kankan ò bá kàwé níbẹ̀ mọ́, ilẹ̀ ti di tiwa padà. À ń bọ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀."

Ọkọ mi kàn ń rẹ́rìn-ín ni. Èmi ti fi kànrìnkàn fọ ẹfun ara ògiri pálọ̀ títí pátákó dúdú tí àwọn tíṣà ń kọ̀wé sí láyé àtijọ́ fi yọ.

Lọ́la, màá kó àwọn ọmọ àdúgbò jọ síbí, màá máa kọ́ wọn níwèé. Kí Bàbá má ṣáà mọ̀ pé ẹ̀rù ló sọ mí di tíṣà wọn.