Búṣìn Tí Yóò Gba Sátidé Mi Padà

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà,

Mo kí yín, mo kí ọkọ yín àtàwọn ọmọ. Orúnkún Màmá ti fúyẹ́. Ilé ọkọ tù mí lára débi pé mò ń dá rẹ́rìn-ín nídìí ààrò.

Àmọ́ mo ní orogún: ọkọ̀ asáré pupa tí ọkọ mi ń pè ní Ìyáálé. Gbogbo Sátidé ló ń gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì, torí búṣìn, rọ́bà tó wà nídìí apá táyà iwájú, ń tètè bàjẹ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo tẹ̀ lé e. Mẹkáníìkì ní, “Ìyàwó, èyí tó rọ̀ máa tù yín lára, àmọ́ kì í tọ́jọ́. Èyí tó le máa ń pẹ́, ṣùgbọ́n á máa gbọ̀n yín.”

Ọkọ mi ní, “Torí ẹ̀yìn ìyàwó mi, fi èyí tó rọ̀ sí i.”

Mo ní, “Èyí tó le ni. Kó máa gbọ̀n mí.”

Inú rẹ̀ dùn, ó rò pé mo ti gba ti Ìyáálé. Sátidé mi ni mò ń gbà padà.

Èyí tó le ò sí níbí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi rà á lọ́dọ̀ yín, t'ọ̀tún t'òsì, ẹ má sì sọ ìdí rẹ̀ fún ọkọ mi. Ọlọ́run á jẹ́ kílé yín máa tòrò.

Àbúrò yín,
Ìyàwó tuntun