Laust Tí Wọ́n Ní Ó Sá Lójú Ogun

Ajé, 6 oṣù kẹta, 2023
Ọ̀gágun tún ti dé o. (Ejnar ni — alága ẹgbẹ́ onítàn ìlú wa, ẹni tí kò gbé ìbọn rí láyé rẹ̀.) Ó ní nínú ìwé tí mò ń kọ lórí ogun 1864, kí n kọ nípa àwọn mẹ́sàn-án tí orúkọ wọn wà lára òkúta ìrántí ṣọ́ọ̀ṣì, kí n fi Laust Thøgersen sílẹ̀. "Bodil, ó sá lójú ogun. Gbogbo ìlú ló mọ̀. Má wulẹ̀ wú òórùn." Màá wú u. Ta ló fẹ́ mú mi?

Ọjọ́rú, 8
Mo kọjá lẹ́nu ọ̀nà Màmá Dagny. Ẹni ọdún márùndínláàádọ́rùn-ún. Laust ló bí ìyá ìyá wọn. Lọ́dọọdún, ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kẹrin, tí a bá ń ka orúkọ àwọn tó kú ní Dybbøl, níbi tí ọ̀tá ti ṣẹ́gun wa lọ́jọ́ náà ní 1864, tí àsíá ń fẹ́ lẹ́lẹ́ káàkiri, ṣe ni Màmá máa ń ti ara wọn mọ́lé. Ìtìjú ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́jọ! Inú bí mi débi pé mo rìn kọjá ilé ara mi.

Ọjọ́bọ̀, 16
Mo tú ìwé àtijọ́ títí ní yàrá ìkàwé, mò ń wá Laust. Kò sí nǹkan. Ojú ń dùn mí.

Ẹtì, 24
Jẹ́ kí n mí ná.
Thøgersen: ọmọ Thøger. Ta ni kì í ṣe ọmọ Thøger ní ìhà ibí nígbà náà? Laust méjì ló wà, ọmọ Thøger méjì — tiwa àti ti ìlú kejì — nínú ẹgbẹ́ ogun kan náà. Lónìí, láàárín ìwé àlùfáà ìlú kejì, mo rí lẹ́tà ọ̀gá ológun kan. Ogójì ọdún ni mo fi pín lẹ́tà nílé ìfìwéránṣẹ́, kò sí ìkọ̀wé játijàti tó lè dá mi dúró. Ó ní Laust Thøgersen kú ní odi kejì, ní Dybbøl, níbi tó ti ń gbé kọfí lọ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Kí àlùfáà bá òun tu Maren, ìyàwó rẹ̀, àti ọmọ ọwọ́ wọn nínú. Maren! Ìyàwó Laust tiwa nìyẹn! Àlùfáà sì kọ ọ́ sí etí ìwé pé, "Laust tiwa wà nílé, ó ń túlẹ̀." Ó bá ju lẹ́tà náà sápá kan. Laust tiwọn ló sá, tiwa ló gba orúkọ burúkú!
Mo pariwo nínú yàrá ìkàwé. Wọ́n ní kí n jáde. Mo jáde tẹ̀rín-tẹ̀rín.

Àbámẹ́ta, 1 oṣù kẹrin
Mo ká Ọ̀gágun mọ́ ìdí búrẹ́dì dúdú àti ẹja tí a rẹ sínú ọtí kíkan. Ó ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní àyè ò sí lára òkúta mọ́. Mo ní àyè wà nísàlẹ̀, mo ti wọ̀n ọ́n. Ó ní agbẹ́kúta ò ní ráyè. Mo ní mo ti pè é, ọjọ́ kẹtàdínlógún ló ń bọ̀. "Obìnrin yìí, o mà lágídí o!" Mo ní ẹ̀gbọ́n, ẹ ò tíì rí nǹkan kan.
Ó fọwọ́ sí i.

Àìkú, 2
Mi ò tíì sọ fún Màmá Dagny. Mo fẹ́ kó bá wọn lójijì. Màá gbé kéèkì dání.

Àbámẹ́ta, 15
Mo ka lẹ́tà náà sí Màmá Dagny létí. Ẹkún ayọ̀ ni mò ń retí. Wọ́n béèrè pé, "Odi yẹn ló kú sí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, màmá, akọni ni wọ́n. "Ọmọ ọdún mélòó?" Mẹ́rìnlélógún.
Wọ́n wá ní ìyá ìyá àwọn máa ń sọ pé bàbá òun nìkan ló lọ́pọlọ nínú gbogbo wọn, pé ó ti sá dé Amẹ́ríkà, ó ti ra màlúù, ó ti darúgbó síbẹ̀. Wọ́n ní àwọn ò tijú rí. Àsíá làwọn ò fẹ́ rí. "Bodil, ọmọ mi, láti kékeré ni mo ti mọ̀ ọ́n láàyè. O wá gbé òkú rẹ̀ wá bá mi lónìí."
Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan kéèkì.

Ìṣẹ́gun, 18
Lánàá, kí agbẹ́kúta tó dé, Màmá Dagny pè mí. Wọ́n ní kí n kọ ọ́ sínú ìwé, nítorí òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kí n má jẹ́ kí wọ́n fi Laust kún àwọn tí wọ́n ń fi ikú wọn yangàn. Mo dá agbẹ́kúta padà. Ọ̀gágun fẹ́rẹ̀ẹ́ ya wèrè: "Kí lo tiẹ̀ wá fẹ́ gan-an?" Mo ní kí ó lọ ka orúkọ mẹ́sàn-án rẹ̀.
Ìwé mi ò ní yí padà o. Laust kò sá. Laust kú. Mi ò ní yọ ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀, kí ẹni tó bá fẹ́ bínú máa bínú.
Nígbà tí agogo ṣọ́ọ̀ṣì ń dún, ilé Màmá Dagny ni mo wà. Wọ́n wọ aṣọ dúdú. Mo kí wọn kú ọ̀fọ̀, bí a ṣe ń kí ẹni tí ọmọ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú mọ́ lọ́wọ́.